Bàtà Tuntun Ń Ta Mí Lẹ́sẹ̀: Ṣé Kí N Fara Dà Á, àbí Kí N Dá A Padà?

Ìbéèrè ẹ̀yin òǹkàwé àti ìdáhùn wa

Bàtà tó ń gbé ẹsẹ̀ ró ni ó gba iwájú nínú lẹ́tà yín lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn bàtà tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, tí ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ sì ga sókè níbi kòtò àtẹ́lẹsẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Abájọ tí ó fi ń dun èèyàn nígbà tí ó bá rà á tán tí ẹsẹ̀ tún ń ro ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìbàdàn, wákàtí 12 ni mo sì máa ń lò lẹ́nu iṣẹ́, ìdúró ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ra bàtà aláwọ olókùn tó gbé kòtò ẹsẹ̀ ró, mo sì wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo rà á gan-an. Kí n tó délé, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi ti ń ro mí gidi, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún tó kéré jù sì ti kú. Wọ́n ní kí n máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé yóò mọ́ mi lára. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìrora méjì ni ẹ kó pọ̀ sínú lẹ́tà kan. Ti àtẹ́lẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ojúgun, bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń ro bákan náà, tí ó sì ń rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ara ló ń kọ́ ohun tuntun. Sálúbàtà pẹlẹbẹ kì í fọwọ́ kan kòtò àtẹ́lẹsẹ̀; bàtà yìí ń tì í sókè láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ibi tí ìwúwo ara kì í bà tẹ́lẹ̀ ti wá ń gba ìwúwo, iṣan sì ń ṣe iṣẹ́ tí kò ṣe rí. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni èyí máa ń gbà kó tó lọ. Ìka tó kú kò sí lára rẹ̀. Ìrora tó dúró sójú kan, tó ń ta bí abẹ́rẹ́, tó ń gbóná bí ìgbà tí nǹkan ń bó awọ ara, tàbí tó mú kí ìka kú, bàtà ló ni ẹjọ́ náà, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Wákàtí 12 lọ́jọ́ kìíní ló ba nǹkan jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ wọ̀ ọ́ fún wákàtí kan péré nínú ilé lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì, lórí táìsì tó mọ́ tàbí kápẹ́ẹ̀tì, kí abẹ́ rẹ̀ má baà dọ̀tí. Ẹni tó tajà kò ní gba bàtà tó ti tẹ ẹrẹ̀ padà lọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ má tíì ju páálí àti rìsíìtì rẹ̀ nù. Lọ́jọ́ kẹta àti ìkẹrin, ẹ ṣe wákàtí méjì. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ máa fi wákàtí kan kún un lójoojúmọ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, ẹ lè fi ṣe ìdajì iṣẹ́, kí bàtà àtijọ́ yín sì wà nínú báàgì láti pààrọ̀ sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kí ó lè gbé yín débi tí iṣẹ́ parí sí. Bí ìrora bá le sí i lọ́jọ́ kan, ẹ padà sí iye wákàtí ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó máa lò níbi iṣẹ́ gan-an ni kí ẹ fi ṣe gbogbo èyí. Ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ju ti àná lọ ti tó láti sọ bàtà tó ṣe régí di èyí tó ń fún ni.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yẹ bàtà náà wò ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ẹ dìde dúró nínú rẹ̀. Láàárín ìka tó gùn jù àti imú bàtà, ó yẹ kí ààyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ọwọ́ wà, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, ìka kejì ló gùn jù, kì í ṣe àtàǹpàkò, ẹ wo tiyín dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà náà síta, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ sì dúró lé e lórí. Bí ẹran ẹsẹ̀ bá yọ kọjá etí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka kékeré, ohun tó pa ìka yín nìyẹn: bàtà náà há. Ẹ ka ìdáhùn tí a fún aránbàtà Mushin nísàlẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn tó ń ta bàtà kì í sábà wò. Ẹsẹ̀ méjì lè gùn bákan náà, kí kòtò wọn má sì wà lójú kan náà. Nítorí èyí ni irin ìwọnsẹ̀ tí Charles Brannock ṣe ní Syracuse, ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1920 sí 1929, fi ń wọn gígùn láti gìgísẹ̀ dé oríkèé àtàǹpàkò lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí gígùn ẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé orí ìka. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí òkè inú bàtà náà ṣì ń ṣe bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀, kò bọ́ sí ojú kòtò yín nìyẹn. Bí ẹ tilẹ̀ wọ̀ ọ́ di ọdún tó ń bọ̀, kò ní ṣípò padà.

Olùkọ́ ni mí ní Òṣogbo. Gìgísẹ̀ mi ń gòkè nínú bàtà tuntun ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbẹ́sẹ̀, ó sì ti lé ròrò. Tí mo bá sì fa okùn le, òkè ẹsẹ̀ ni yóò máa dùn mí. Kí ni ṣíṣe?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tọ́jú ìléròrò náà. Ẹ má bẹ́ ẹ. Awọ tó bò ó ni oògùn rẹ̀. Ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn, kí ẹ sì yẹra fún bàtà náà títí yóò fi jinná. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ ti lẹ pílásítà sójú ibẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé, ẹ má dúró di ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Omi àti ìfarakanra ló ń bí ìléròrò, nítorí náà ìbọ̀sẹ̀ tó ti rin fún òógùn kò dáa. Ẹ mú ọ̀kan dání láti pààrọ̀ lọ́sàn-án.

Bàtà tuntun tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ le máa ń gòkè díẹ̀ lẹ́yìn, torí kò tíì mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 20 sí 30 níbi tí àwọn ìka ti bẹ̀rẹ̀. Bàtà tó bá ṣẹ́ po láàárín, lábẹ́ kòtò ẹsẹ̀, kò lè gbé ẹnikẹ́ni ró, ẹ dá a padà.

Okùn ló kàn. Bí ẹ bá wo òkè pátápátá, ẹ ó rí ihò kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò. Ìdí tí wọ́n fi lu ihò náà nìyí. Ẹ so okùn bí ẹ ṣe ń so ó títí dé ihò tó kángun sí i. Ẹ wá ki etí okùn kọ̀ọ̀kan bọ ihò òkè ní ẹ̀gbẹ́ kan náà tó wà, láti ìta wọ inú, ẹ má sì fà á tán. Ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ kù bí etí kékeré lóde. Ẹ gbé okùn ọ̀tún kọjá lórí ahọ́n bàtà, kí ẹ kì í bọ etí ti òsì, kí ẹ sì ki ti òsì bọ etí ti ọ̀tún. Ẹ gbá gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹsẹ̀ lè sún sẹ́yìn pátápátá. Ẹ fa okùn méjèèjì sísàlẹ̀ sọ́nà ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ẹ di í. Ọrùn ẹsẹ̀ ni okùn yóò dì mú, kì í ṣe òkè ẹsẹ̀, nítorí náà ẹ lè dẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀.

Ti òkè ẹsẹ̀ tó ń dùn yín: ẹ wá ojú ibi tó ti ń dùn gan-an, ẹ tú okùn débẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kó kọjá lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí okùn kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lọ sókè tààrà sí ihò tó tẹ̀ lé e, kí ẹ tó tún máa gbé e kọjá ara wọn.

Bí gbogbo èyí kò bá mú un, ẹ lẹ fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ abẹ́ ahọ́n bàtà. Ìyẹn ń ti ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó sì máa ń ṣe iṣẹ́ ju èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn lọ, torí ti ẹ̀yìn a máa ti ìka lu imú bàtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ẹ̀yìn bàtà náà mọ́lẹ̀ kí ẹ máa wọ̀ ọ́ bíi sílípáàsì nítorí pé gìgísẹ̀ ń dùn yín. Ẹ̀yìn tó le yẹn ni ẹ fi owó rà. Bí ó bá ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í dúró mọ́.

Màmá mi, ẹni ọdún 67 ní Abẹ́òkúta, ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo ra bàtà tó dáa fún wọn, ó fún wọn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka kékeré, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò dun àwọn. Aládùúgbò wa ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́, pé yóò là.

Ẹ bá wa kí Màmá, kí ẹ sì gba bàtà náà kúrò lẹ́sẹ̀ wọn lónìí. Pé kò dùn wọ́n gan-an ni ó bà wá lẹ́rù. Ìtọ̀ ṣúgà máa ń ba iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ jẹ́. Ẹsẹ̀ á ti bó, ẹni tó ni ín kò ní mọ̀. Egbò irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè jinná, ó sì lè di ohun tí wọn yóò gé ẹsẹ̀ sí. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í fi ẹsẹ̀ la bàtà. Láti ọjọ́ kìíní ni bàtà ti gbọ́dọ̀ gba ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ jẹ́ kí Màmá dúró lórí ìwé ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi bírò ya ẹsẹ̀ wọn méjèèjì yí ká, kí bírò náà dúró ṣánṣán. Ẹ gé àwòrán náà jáde, ẹ mú un lọ sọ́jà, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sínú bàtà tí ẹ fẹ́ rà. Bí etí ìwé náà bá ká sókè níbì kan, bí ẹsẹ̀ Màmá yóò ṣe ká níbẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ wá èyí tí iwájú rẹ̀ fẹ̀ tí ó sì jinlẹ̀, tí awọ rẹ̀ rọ̀, tí kò sí ojú ìránṣọ kankan lórí àwọn ìka, tí ó ní okùn tàbí ìlẹ̀mọ́ tó ń dún ṣáráṣárá tí a bá ṣí i, kí ẹ lè dẹ̀ ẹ́ bí ẹsẹ̀ bá wú.

Ní ọjọ́ kìíní, kí wọ́n wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ bọ́ ọ, kí ẹ wo ẹsẹ̀ náà lókè, nísàlẹ̀ àti láàárín ìka, nínú ìmọ́lẹ̀. Níbi tí awọ ara bá dúdú, pípọ́n lè má hàn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín wá ibi tó gbóná ju ibi yòókù lọ. Ibi tó pọ́n tàbí tó gbóná, tí kò sì tíì rọlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, bàtà náà kò bá wọn mu nìyẹn. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ lè sọ ọ́ di wákàtí kan lọ́jọ́ kejì, kí ẹ máa fi kún un bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ funfun ni kí wọ́n máa wọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi egbò yóò tètè hàn lára rẹ̀. Ní àràárọ̀, kí ẹnìkan ki ọwọ́ bọ inú bàtà wò kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ kan péré ti tó. Bí ó bá lé ròrò tàbí tó bó, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi abẹ fá ibi tó le lẹ́sẹ̀ wọn, ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ wọn fún àwọn tó ń gé èékánná kiri àdúgbò.

Ẹ̀ṣọ́ báǹkì ni mí ní Ìlọrin. Mo ra ìtẹ́lẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ ró lọ́tọ̀, mo sì tì í bọ inú bàtà mi. Báyìí, ìka mi ń lu òkè bàtà, gìgísẹ̀ mi sì ń fẹ́ yọ jáde.

Ìtẹ́lẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, a sì fẹ́ kí ẹ yọ èyí tí bàtà bá wá láti ilé iṣẹ́. Ẹ kì í jù ú nù: ẹ gbé e lé orí tuntun, kí gìgísẹ̀ wọn bára mu, ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì fi sísọ́ọ̀sì gé tuntun náà. Iwájú nìkan ni ẹ ó ti gé e, mìlímítà méjì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa tì í bọ bàtà wò láàárín. Ẹni tó bá gé e lẹ́yìn ti sún òkè rẹ̀ kúrò níbi kòtò ẹsẹ̀, kò sì sí àtúnṣe. Bí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù lẹ ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ pinpin, ẹ wá irú èyí tó mọ sẹ́yìn oríkèé ìka, tí kò dé iwájú. Bí ó bá ń dún wínrín-wínrín lẹ́yìn èyí, ẹ wọ́n páúdà díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ìtẹ́lẹ̀ tuntun náà fẹ́ ìlànà wákàtí kan-kan tí a kọ fún nọ́ọ̀sì lókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàtà àtijọ́ ló wà.

Aránbàtà ni mí ní Mushin. Oníbàárà máa ń gbé bàtà tó há wá pé kí n fẹ̀ ẹ́. Èwo ló ṣeé fẹ̀, báwo ni mo sì ṣe lè ṣe é tí kò fi ní bàjẹ́?

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ fún oníbàárà ni pé fífẹ̀ nìkan ni bàtà ń fẹ̀, kì í gùn. Bí ìka bá ń kan imú bàtà, ẹ má gba owó wọn. Awọ gidi àti awọ onírun kúkúrú a máa gbà, mìlímítà díẹ̀ náà ni, àmọ́ díẹ̀ yẹn ló máa ń jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ìka tó kú àti ìka tó wà láàyè. Awọ oníke tàbí awọ tó ń dán yóò padà sí bó ṣe wà, tàbí kí ó sán.

Ẹ kọ́kọ́ wá ojú ibi tó ń fún ẹsẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kun kókó ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò tàbí ìka kékeré oníbàárà, kí ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà láìwọ ìbọ̀sẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ó sì yọ ọ́. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì lẹ̀ mọ́ nínú ni ẹ ó bá ṣiṣẹ́. Ẹ po omi àti sípírítì ní ìlọ́po kan náà, kí ẹ fi dán ibi tó fara sin lára bàtà wò bóyá àwọ̀ yóò ṣí. Bí kò bá ṣí, ẹ fi òwú tẹ ẹ́ mọ́ inú ibẹ̀ títí yóò fi tutù. Ẹ ki igi ìfẹ̀ bàtà bọ̀ ọ́, kí búlọ́ọ̀kù kékeré rẹ̀ wà lójú kókó náà, ẹ yí i títí yóò fi fún un, kí ẹ fi ìdajì ìyíkáà kan sí i. Ó di wákàtí 24. Bí kò bá tíì tó, ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi ipá parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí ojú ìrán ló máa kọ́kọ́ já.

Kẹrosíìnì, iná, omi gbígbóná, oòrùn orí páànù: ẹ jìnnà sí wọn. Gọ́ọ̀mù tó so àtẹ́lẹ̀ mọ́ra ń rọ̀ nínú ooru, fóòmù ìtẹ́lẹ̀ ń sún kì, awọ á sì gbẹ, á sán. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí bàtà tí wọ́n bá gbàgbé sínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan. Èyí tí òjò bá pa, ìwé ìròyìn ni kí wọ́n run sínú rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ìwé náà bó bá ti rin, kí wọ́n sì gbé e síbi atẹ́gùn títí di ọjọ́ kejì.

Láti London. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bàtà onírin lórí ìka ni dandan. Irin náà ń tẹ àtàǹpàkò mi. Mo tún fẹ́ ra bàtà tó ń gbé ẹsẹ̀ ró ránṣẹ́ sí Bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní 42 làwọn ń wọ̀, 8 sì ni mo rí níbí.

Irin kò ṣeé fẹ̀. Bàtà tó bá ní àmì EN ISO 20345, ìyẹn ìlànà bàtà ààbò, ti gba ìdánwò ìkọlù tí agbára rẹ̀ tó joule 200 lórí ìka. Ẹ̀rọ tàbí iná tí ẹ bá fi kàn án ba ààbò yẹn jẹ́. Irú tó fẹ̀ ni kí ẹ béèrè fún, kì í ṣe nọ́ńbà tó ga sí i. Èyí tó gùn jù yóò mú kí irin náà kúrò ní ipò rẹ̀, etí ẹ̀yìn rẹ̀ á sì wá bọ́ sórí oríkèé ìka yín. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe bàtà náà fọwọ́ sí ni kí ẹ lò.

Ti Bàbá: 42 ti Yúróòpù sábà máa ń súnmọ́ 8 ti ọkùnrin ní Gẹ̀ẹ́sì, àti 9 ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Láti nọ́ńbà kan sí èkejì, ti Gẹ̀ẹ́sì fi nǹkan bíi mìlímítà 8.5 jùra, ti Yúróòpù fi 6.7, nítorí náà wọn kì í bára mu pátápátá. Ẹ gbàgbé nọ́ńbà. Kí ẹnìkan nílé bá wọn tẹ́ ìwé sí ẹsẹ̀ ògiri ní ìrọ̀lẹ́, kí Bàbá dúró, kí gìgísẹ̀ wọn kan ògiri, kí wọ́n sàmì sí iwájú ìka tó gùn jù, kí wọ́n sì fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni. Èyí tó gùn jù ni ẹ ó lò. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan kún un, kí ẹ wá bàtà tí gígùn inú rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó dáa kí n ra bàtà tó ń gbé ẹsẹ̀ ró ní òkìríkà? Ó rọ̀ ju tuntun lọ, kò sì ní nílò kí n máa fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọ.

Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló rọ̀ ọ́. Ẹ gbé e lé orí tábìlì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn: bí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò fi yín síbẹ̀ náà. Ẹ fún ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín ìka méjì. Kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọlé. Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Bí ojú ẹsẹ̀ ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ bá ti jinlẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ fi owó ìtẹ́lẹ̀ òmíràn kún owó bàtà náà. Ẹ sì fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ tó rọ̀ bíi fóòmù. Irú àtẹ́lẹ̀ kan wà tí ọ̀rinrin àti ooru ń jẹ láti inú, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ ọ́. Yóò dà bí odidi lójú, yóò sì máa já bọ́ bíi búrẹ́dì gbígbẹ láàárín ọ̀nà lọ́jọ́ kìíní. Bí ó bá rún lábẹ́ èékánná yín, ẹ fi sílẹ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù.